Wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ó gbé fèrè bọ̀ wálé: Fẹlá àti iṣẹ́ tó sá fún

Ẹ lọ sí Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká, kẹ́ ẹ bi bàbá tó ń ta kòkó tàbí ìyá tó ń yan gààrí pé kí ni wọ́n fẹ́ kọ́mọ wọn dà lọ́la. Ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ ò ní í ju méjì mẹ́ta lọ: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Àwọn tó ní èèyàn ní Àbíjáàn, wọ́n sì pọ̀ gan-an nítorí ó ti pẹ́ tọ́mọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Kọdifúà, máa fi kún un pé bí ìwé ò bá wọlé, kọ́mọ náà lọ bá àbúrò bàbá ẹ̀ lọ́hùn-ún, kó máa tajà. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní í rí bàbá kan tó máa fẹnu ara ẹ̀ sọ pé, “Olórin ni mo fẹ́ kọ́mọ mi dà o.” Alágbe ni wọ́n ń pe olórin láyé àtijọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun lálágbe?

Bọ́rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn nínú ilé kan l'Abẹ́òkúta láyé àwọn òyìnbó, àfi pé ilé ọ̀hún kì í ṣe ilé tálákà. Ilé àwọn Ransome-Kútì ni. Bàbá ilé, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tá a mọ̀ sí NUT. Ìyá ilé, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sòdí tí wọ́n fi ń bá ìjọba fà á lórí owó orí, títí tí Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi kúrò lórí ìtẹ́ lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 1949. Ilé ìwé ni, ilé pàṣán ni, ilé kí wọ́n má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni sì ni pẹ̀lú.

Orin kúkú wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bàbá bàbá wọn, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì, kọ orin tí wọ́n ṣe sínú rẹ́kọ́ọ̀dù nílùú London ní 1922. Ṣùgbọ́n orin ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kì í ṣe orin ilé ọtí. Nínú àwọn ọmọ tí Àlùfáà Israel àti Fúnmiláyọ̀ bí, Olíkóyè, tí wọ́n bí ní 1927, di dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé. Bẹ́kọ̀, àbíkẹ́yìn, tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1940, náà di dókítà. Kẹ́ ẹ rántí ọjọ́ ìbí Bẹ́kọ̀ yẹn dáadáa o, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá síbẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni Fẹlá wà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1938 ni wọ́n bí òun.

Ní 1958, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, Fẹlá wọkọ̀ lọ sí London. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní kó lọ kọ́, bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, iléèwé orin tí wọ́n ń pè ní Trinity College of Music ló gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà aláìsàn, fèrè ló gbé lé ẹnu. Ibẹ̀ náà ló ti dá ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa padà dé ní 1963, dókítà méjì ti ń bọ̀ nínú ilé Ransome-Kútì, ẹnì kẹta ti di olórin pátápátá.

Iṣẹ́ oṣù kọ́kọ́ gbà á. Ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà, NBC, gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo gbogbo òru nínú kílọ́ọ̀bù, báwo ló ṣe fẹ́ máa dé ọ́fíìsì láago mẹ́jọ àárọ̀? Òun àti iṣẹ́ ọ̀hún pínyà. Ó ń ṣe hiláìfù tó pò mọ́ jáàsì, àwọn èèyàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yà sí i. Ọdún 1969 ló kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Sandra Smith, tí wọ́n wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, ti fi ìwé àti ọ̀rọ̀ là á lójú nípa ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó lọ sí Amẹ́ríkà láti lọ wá owó, èrò ló kó bọ̀.

Látìgbà yẹn lorin ẹ̀ ti yí padà. Ní 1971, “Jẹun Kó Kú” gba ìgboro. Àfúróbíìtì dé, ayé sì gbọ́. Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì tó ti lu ìlù fún ẹgbẹ́ Cream nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ẹrù ẹ̀ wá s'Ékòó, òun àti Fẹlá jọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́dún 1971 yẹn kan náà. Nígbà tí Paul McCartney tó kúrò lẹ́gbẹ́ Beatles wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ékòó ní 1973, Fẹlá sọ ọ́ sí i lójú pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Ọ̀rọ̀ náà parí síbi pé McCartney ní kó wá gbọ́ ohun tóun ṣe, kó lè mọ̀ pé òun ò jí nǹkan kan.

Ibi tí Fẹlá ti gba ibi ìpolówó ọjà wọ ìṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Lásìkò yẹn, bí olórin bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, àfi kí oníròyìn wá bi í, kó sì lọ kọ èyí tó bá wù ú níbẹ̀. Fẹlá wò ó pé wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ òun. Kí ló ṣe? Ó lọ ra ojú ewé. Bí àwọn oníbíà àti àwọn oníwàrà ṣe ń sanwó kí wọ́n lè fi ọjà wọn han aráyé, bẹ́ẹ̀ ni Fẹlá ń sanwó fún Daily Times àti Punch kí wọ́n lè tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ jáde. “Chief Priest Say” ló pe àkọlé ẹ̀. Ọjà tó ń polówó níbẹ̀ kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù o. Ó ń bú ìjọba, ó ń bú àwọn tó gbàgbé ìṣẹ̀ṣe, ó ń bú ọlọ́pàá. Ìgbà tó yá, ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan sílẹ̀, Young African Pioneers, àwọn yẹn náà sì ń tẹ ìwé tiwọn pín.

Ẹ wá wò ó: iṣẹ́ dókítà tó sá fún kò kúkú kúrò lẹ́nu ẹ̀ lásìkò yẹn. Ní 1976, nígbà tí àwọn obìnrin Èkó ń fi ìpara bó ara tí ojú wọn ń pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ó kọ “Yellow Fever”, ó ní kí wọ́n fi awọ ara wọn sílẹ̀. Kí ni dókítà awọ ì bá tún sọ fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Nínú ọgbà ẹ̀ tó ń pè ní Kalakuta, ní ojúlé kẹrìnlá, Agége Motor Road, Bẹ́kọ̀ àbúrò ẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ti ń tọ́jú àwọn aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Orin wà níbẹ̀, oògùn náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kálukú ń fi tiẹ̀ tún ìlú ṣe.

Ọdún 1976 yẹn náà ló gbé “Zombie” jáde, ó fi àwọn ṣọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà tí wọ́n tó ẹgbẹ̀rún ya wọ Kalakuta. Wọ́n na Fẹlá, wọ́n na àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá ẹ̀ tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún láti ojú fèrèsé ilé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé. Ilé ìwòsàn Bẹ́kọ̀ bá a lọ. Nígbà tí ìjọba ṣèwádìí, wọ́n ní ṣọ́jà tẹ́nì kan ò mọ̀ ló ṣe é. Lọ́jọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, ọdún 1978, ìyá kú. Lọ́dún 1979, lásìkò tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ fẹ́ gbéjọba fún alágbádá, Fẹlá àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, wọ́n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn á sunkún, á dákẹ́. Fẹlá gbé ẹkún tiẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà olórí ìjọba.

Lọ́dún 1979 yẹn náà ló dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiẹ̀ sílẹ̀, Movement of the People, MOP, ó ní òun fẹ́ ṣe ààrẹ. Àwọn FEDECO tó ń ṣètò ìbò nígbà yẹn forúkọ ẹgbẹ́ márùn-ún péré sílẹ̀: NPN, UPN, NPP, GNPP àti PRP. MOP ò sí níbẹ̀. Ó tún gbìyànjú nígbà ìbò 1983, kò tún bọ́ sí i. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín ìgbà yẹn pé kí lolórin ń wá nílé ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú àwọn tó wọlé ìbò 1979 àti 1983, mélòó la ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn? Orin Fẹlá ṣì ń dún nínú dánfó.

Ibi tó ti wá le jù rèé. Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 1984, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfuurufú l'Ékòó nígbà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n ní owó òyìnbó tó mú dání ò bófin mu, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún láyé ìjọba Buhari. Ìjọba yẹn náà ti Bẹ́kọ̀ mọ́lé nígbà tí àwọn dókítà ń bá wọn jà. Nígbà tó di ọdún 1985, Babangida gba ìjọba. Ta ló mú ṣe mínísítà ètò ìlera? Dókítà Olíkóyè Ransome-Kútì! Ẹ̀gbọ́n ń jókòó nípàdé àwọn mínísítà, àbúrò ṣì wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Oṣù kẹrin, ọdún 1986 ni wọ́n tó dá Fẹlá sílẹ̀. Inú ilé wo lẹ tún ti rí irú èyí?

Olíkóyè ò sì lọ jókòó lásán. Àwọn ìyá tó bímọ láàárín 1985 sí 1992 tó kúrò níbẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Òun ló ń pariwo pé kí ilé ìwòsàn kéékèèké wà níjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, dé ìlú kéékèèké bíi tàwọn agbègbè Èjìgbò, kì í ṣe l'Ékòó àti Ìbàdàn nìkan. Òun ló ní kí wọ́n máa gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ bá àwọn ọmọ. Láyé ẹ̀ ni rédíò ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú. Nígbà tí ìjọba gbé ètò iye ọmọ jáde ní 1988, tí wọ́n ní kí obìnrin má bí ju mẹ́rin lọ, orin ni wọ́n fi polówó ẹ̀. King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọ “Choices” àti “Wait for Me” ní 1989, wọ́n ń fi bẹ tọkọtaya kí wọ́n fètò sí ọmọ bíbí. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Àbúrò mínísítà ni wọ́n mọ̀ jù nínú olórin ilẹ̀ yìí káàkiri ayé, ṣùgbọ́n nígbà tí ètò ìlera fẹ́ fi orin polówó ara ẹ̀, ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Fẹlá kì í kọrin fún ìjọba. Ohun tó sì gbà gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ akọ àti abo ò jọ ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rárá. Ẹni tó fẹ́ obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo lóṣù kejì, ọdún 1978, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní ìfètò-sọ́mọ-bíbí?

Nígbà tí àrùn éèdì dé, ibẹ̀ lọ̀nà àwọn méjèèjì ti wá yà pátápátá. Láyé Olíkóyè ní mínísítà ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni láti máa kìlọ̀ fún aráàlú. Fẹlá ní irọ́ ni, ó ní àrùn òyìnbó ni. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù tí àwọn dókítà ní kí èèyàn máa lò, ó bú u, ó tiẹ̀ fi í kọrin níjókòó ẹ̀ ní Shrine. Èèyàn tó ń fi ẹnu ẹ̀ tú àṣírí ìjọba, tí ọ̀dọ́ ń gbà á gbọ́ ju ìwé ìròyìn lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ nípa nǹkan yìí ò lè dúró lórí òun nìkan. Iye tó gbà á gbọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ní 1997, tí wọ́n fi tún mú un lórí ọ̀rọ̀ igbó, tí àwọn NDLEA fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, ẹni bá rí i á mọ̀ pé kì í ṣe Fẹlá àná mọ́. Kò fẹ́ ilé ìwòsàn. Dókítà wà lápá ọ̀tún, dókítà wà lápá òsì nínú ilé wọn, kò fẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápò Kútì kú. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn? Ọjọ́ ìbí Bẹ́kọ̀ ni. Bẹ́kọ̀ pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ́jọ́ náà, inú ẹ̀wọ̀n Abacha ló sì wà.

Ọ̀rọ̀ wá ku ẹyọ kan: kí ni kí wọ́n sọ pé ó pa á? Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. “Àìsàn ráńpẹ́.” “Wọ́n ta á lọ́fà.” “Àwọn ọ̀tá ni.” Bí wọ́n bá ní ìjọba ló fún un ní májèlé jẹ, gbogbo Nàìjíríà ló máa gbà á, nítorí ìyà tí ìjọba ti fi jẹ ẹ́. Ìyẹn ì bá sì bo ìdílé láṣìírí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ kejì ikú náà, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì sọ ọ́ fún wọn láìfi bò pé ọkàn àbúrò òun ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, pé àrùn éèdì ló sì fà á.

Ìlú gbóná. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní kí ló dé tó fi ń dójú ti òkú. Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹni ló yẹ kó sọ irú èyí síta? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ á mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí ẹni ńlá kan nílẹ̀ yìí tí ìdílé ẹ̀ ń dúró níta gbangba kí wọ́n sọ pé éèdì ló pa á. Ẹni tó bá ní in ń fi í pa mọ́ títí tó fi máa wọ ilẹ̀. Olíkóyè fi ikú àbúrò ẹ̀ ṣe ìpolówó tí ìjọba ò lè fowó rà: bí éèdì bá pa Fẹlá, kò sí ẹni tí kò lè pa. Ẹnu tí Fẹlá fi sọ pé kò sí i, ìdílé ẹ̀ ló bá a gbà á padà.

Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ ní Tafawa Balewa Square lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, èrò tó jáde ju ohun tójú lè rí ìdí ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin ín nílé ẹ̀ ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, Ìkẹjà. Kò sí ẹni tó tìtorí ohun tí Olíkóyè sọ yẹra. Wọ́n sunkún, wọ́n jó, wọ́n kọrin ẹ̀. Ìyẹn kọ́ aráyé pé òótọ́ ò ba orúkọ ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ jẹ́. Olíkóyè náà kú ní 2003, Bẹ́kọ̀ kú ní 2006.

Lóde òní, ayé ti yàtọ̀. Kò pọn dandan kéèyàn yan ẹyọ kan mọ́. Beautiful Nubia kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó fi orin gbalẹ̀. Banky W kọ́ ẹnjiníà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó di olórin, ó kọrin polówó fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Etisalat, ó sì du ipò aṣojú-ṣòfin fún Eti-Ọ̀sá ní 2019 àti 2023 bí kò tiẹ̀ wọlé. Éèdì pàápàá, oògùn ẹ̀ ti dé. Ẹni tó bá tètè mọ̀ tó sì ń lò ó déédéé lè pẹ́ láyé, kó sì bímọ tí kò ní in. Ìyẹn ò sí fún Fẹlá bó ṣe wà fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó wà l'Éjìgbò, ẹ̀yin tó wà l'Ékòó, bọ́mọ bá ní orin lòun fẹ́ ṣe, ẹ má gba fèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Bí wọ́n bá fi agídí sọ Fẹlá di dókítà, a ò bá ní dókítà kan sí i, a ò sì ní ní Fẹlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ tiyín náà: bẹ́ ẹ bá sá fún iṣẹ́ dókítà, ẹ má sá fún dókítà. Ilé tí wọ́n ti bí Fẹlá kún fún àwọn tó lè tọ́jú ẹ̀. Gbogbo ayé ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu, òun ni kò gbọ́ràn sí tẹ̀gbọ́n ẹ̀.